Ta Ló Jẹ Písà Alhaji?

Òfìfo ni páálí náà. Ameen ló ṣí i lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, nítorí pé ohun tó yẹ kó wúwo fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i, bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló fẹ́ tàn án jẹ. Kò sí písà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù láàárín páálí náà ni tábìlì róbà funfun kékeré kan, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí kò ju àtàǹpàkò lọ.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Bàbá Hámzàt wí. Ó fa áńkáṣíìfù yọ nínú àpò agbádá rẹ̀, ó fi gbé tábìlì róbà náà sókè, ó ń yí i po lójú oòrùn. "Olè yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì sílẹ̀ ni. Mo ti rí irú wọn rí."

"Bàbá, gbogbo páálí wa ló ń wà nínú ẹ̀," ni Madam Beauty, ẹni tó ni ilé oúnjẹ náà, sọ. "Kí ìdérí má baà lẹ̀ mọ́ wàrà orí ẹ̀ ni."

Bàbá Hámzàt dá tábìlì náà padà sáyè rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀, ó sì wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá yìí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló ṣe nílé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìlọrin títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ní báyìí tó ti fẹ̀yìn tì, bí adìyẹ bá sọnù ládùúgbò, òun náà ni wọ́n ṣì ń ké sí. Kì í sì í fi bò. Kò sí ibi ìsọmọlórúkọ tó dé tí kò ní sọ fún wọn pé olè kankan kò bọ́ lọ́wọ́ òun rí, àwọn ọmọ ilé sì ti mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dìde lọ mu omi.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ló gbé e dé Kaduna lọ́jọ́ náà. Ameen, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fẹ́ fẹ́ Raodah, ọmọ ará Ìlọrin tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ sí Kaduna, ọjọ́ kejì sì ni ìdílé méjèèjì máa pàdé fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Láti ìdájí ni wọ́n ti gbéra ní Ìlọrin: Ameen ló ń wa mọ́tò, Bàbá Hámzàt jókòó níwájú, Alhaji tó jẹ́ bàbá Ameen àti Alhaja Rodiyah ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ní ibùdó àyẹ̀wò Gonin Gora, Bàbá Hámzàt kí àwọn sójà bí ẹlẹgbẹ́ ẹni, wọ́n sì ní kó sọ̀kalẹ̀ wá ṣí búùtù. Nígbà tí wọ́n fi dé Ungwan Boro, ẹ̀yìn Alhaji ti gan. Wọ́n já a sílẹ̀ nílé àlejò, ó nà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí wọ́n bá òun gbé oúnjẹ tó dáa bọ̀.

Alhaji yìí ló yẹ kí á bẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ojú ọ̀nà ló fi ń ṣàròyé. "Ọmọ tí èèyàn bá fi Yorùbá kí tó ń fi Hausa dáhùn," ló ń wí, "ta ló máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ọkọ? Mi ò kọ̀ ọ́ o. Mo kàn fẹ́ fi ojú ara mi rí ẹ̀kọ́ ilé ẹ̀ ni." Ẹ̀kọ́ ilé ni Alhaji fi ń wọn èèyàn. Òun ló sì ni písà tó sọnù.

"Levi," ni Madam Beauty wí, "bọ́ épúrọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀."

Levi ni ọ̀dọ́kùnrin tó gbé oúnjẹ fún wọn. Ó wo páálí, ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Madam, haba. Mi ò jẹ ẹ́."

"Ìwọ lo gbé e. Ìwọ lo wà nítòsí ẹ̀. Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ará Ítálì l'Ábújá, bí wọ́n bá ká òṣìṣẹ́ mọ́ oúnjẹ oníbàárà, kò sí ẹjọ́ míì. Bọ́ ọ."

"Madam, Martha ìyàwó mi máa bímọ lóṣù yìí. Ẹ ṣàánú mi."

Levi ń fa okùn épúrọ́ọ̀nù náà, kò rí i tú. Àánú rẹ̀ ṣe Bàbá Hámzàt. Ohun mìíràn náà sì tún wà níbẹ̀, kí á má parọ́: ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fún un ní ẹjọ́ tó ju ti adìyẹ lọ.

"Madam, ẹ ní sùúrù," ló wí. "Kí Alhaji tó pè láti béèrè oúnjẹ rẹ̀, màá ti mọ ẹni tó jẹ ẹ́."

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí á máa lọ," ni Alhaja Rodiyah sọ. Ó ti bá ọkọ yìí nílé kí wọ́n tó mú un wá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, nítorí náà kì í pe orúkọ rẹ̀. "Oúnjẹ ni, kì í ṣe ẹ̀mí. Kí wọ́n yan òmíràn fún wa, kí ọmọ yẹn máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ọlọ́run á dárí jì wá."

Bàbá Hámzàt wò ó. Alhaja yìí kan náà ló ní kí wọ́n yí mọ́tò padà ní Sulejà nítorí ọsàn kan tó ti jẹrà nínú èyí tó rà. Ó fi èyí pamọ́ sínú.

Ó mú Levi wọ kíṣìnì, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò bíríkì tó ń jó. Madam Beauty tẹ̀ lé wọn.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìyàgbà ni wá, Baba. Àmọ́ Sabon Tasha nibí ni wọ́n bí mi sí."

"Ta ló gbé páálí náà wá sórí tábìlì wa?"

"Èmi ni. Mama ṣí i, ó wò ó, ó ní ó dáa. Gbogbo yín lẹ rí i."

Òótọ́ ni. Bàbá Hámzàt fúnra rẹ̀ nawọ́ nọrùn wò ó: ẹran ṣúyà, àlùbọ́sà, ata rodo, wàrà tó ṣì ń hó. Ó ti jẹ tirẹ̀ yó nígbà náà, síbẹ̀ itọ́ tún sọ ní ẹnu rẹ̀.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ẹ dìde lọ kírun. Mo wọ kíṣìnì níbí, mo ń ko igi sí ààrò. Ban fito ba, Baba. Mi ò jáde títí ẹ fi padà."

"La ẹnu."

Levi la ẹnu. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti hó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àwẹ̀ Lẹ́ńtì là ń gbà. Mi ò tíì fẹnu kan omi látàárọ̀."

"Ẹnu ni àwẹ̀ ń dì, kì í di ọwọ́," ni Madam Beauty sọ. "Ó lè ti tọ́jú ẹ̀ de ìgbà tó máa ṣínu."

Wọ́n tú àpò rẹ̀. Bíbélì kan wà níbẹ̀, ìgò kunu kan, kúlíkúlí tí wọ́n wé sínú bébà, àti bàtà ọmọ ọwọ́ tuntun kan tí kò gùn ju ìka lọ. Bàbá Hámzàt kó gbogbo rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, ó sì fa síìpù àpò náà pa.

"Kì í ṣe òun," ló wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ẹni tó bá jí písà odindi tọ́jú kò ní gbé kúlíkúlí wá láti fi ṣínu."

Madam Beauty kò gbà. Ó ní olè ọlọ́gbọ́n lè gbé méjèèjì. Bàbá Hámzàt mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ obìnrin náà, ìyẹn ló sì bí i nínú.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ameen ti rí ọ̀daràn tirẹ̀. Ológbò Madam Beauty wà lórí ògiri, ikùn rẹ̀ yọ ṣóńṣó, ó ń lá ọwọ́. "Bàbá, ẹ wo ikùn yẹn."

Bàbá Hámzàt wo ikùn náà. "Ológbò lè jẹ písà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ológbò tó jẹun tán tó pa ìdérí dé."

Ó lọ jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti jẹun. Aṣọ onígun pupa àti funfun ni wọ́n tẹ́ lé e, àwòrán ilé gogoro kan sì wà lára ògiri lókè rẹ̀, tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, ohun tó sì kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni bí wọ́n ṣe jẹun náà.

Òun àti Ameen nìkan ló jẹun. Alhaja gé ṣóńṣó ẹyọ kan jẹ, ó ní òun ti yó, ó ní kí ni wọ́n fi búrẹ́dì tó ń fà bí ilá ṣe. Raodah, tó wá pàdé wọn níbẹ̀, tẹ orí ba, ó fi hìjáábù bo ọwọ́, ó ní, "Mo ti yó, Mà. Na gode, ẹ ṣeun." Bàbá Hámzàt mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àfẹ́sọ́nà kì í la ẹnu gbàgà níwájú ìyá ọkọ. Ìyá ọkọ náà kì í jẹun bí ẹni tí ebi lé kúrò nílé, kí ìyàwó má baà lọ ròyìn rẹ̀. Àna méjì jókòó síwájú oúnjẹ gbígbóná, kálukú ń gbé itọ́ mì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrun. Àwọn ọkùnrin tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ilé, Bàbá Hámzàt ló ṣe imáàmù, Ameen àti àwọn oníbàárà mìíràn to sẹ́yìn rẹ̀. Alhaja ní òun ń lọ sí ẹ̀yìn ògiri níbi tí àwọn obìnrin ti ń kí tiwọn. Raodah ní òun kò ní í kírun lónìí, òun á máa ṣọ́ àwọn àpò. Obìnrin ni, kò sí ẹni tó bi í léèrè ìdí.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló wà pẹ̀lú páálí. Ọmọbìnrin náà kò jẹun. Kò yẹ kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó ti dàgbà tó báyìí máa wá ọ̀nà tí kò ní fi rí ohun tó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe nìyẹn. Bí Alhaji bá gbọ́ pé ìyàwó tí wọ́n wá tọrọ jẹ oúnjẹ àna rẹ̀ níkọ̀kọ̀ kí wọ́n tó tọrọ rẹ̀, ọ̀la lè má wáyé.

Ó pe Raodah. Ọmọ náà wá, ó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Dìde, ọmọ mi. Ta ló wọlé nígbà tí a wà nídìí ìrun?"

"Babu kowa, Bàbá. Kò sí ẹnì kankan."

"Ṣé o kúrò níbí?"

"A'a, Bàbá. Rárá."

Etí hìjáábù rẹ̀ ní àbàwọ́n tòmátì kan, kò ju èékánná lọ. Bàbá Hámzàt rí i. Raodah rí i pé ó rí i, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Omi kún ojú ọmọ náà.

"Ebi kò pa ọ́?"

"Mo ti yó, Bàbá." Òsúkè sì gbé e lójú ẹsẹ̀, kò sì dúró. Nínú gbogbo ohun tó sọ, èyí nìkan ni Bàbá Hámzàt gbà gbọ́ láìsí àní-àní.

Ó ní kó lọ mu omi. Ó dá jókòó, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Òun ti rí olè, ṣùgbọ́n ìṣirò kò gún. Písà náà fẹ̀ bí ìdérí agbada, ẹran kún orí rẹ̀. Ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀ yìí ni yóò dá a jẹ tán kí àwọn èèyàn tó sálámà? Ó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òótọ́ ni. Kò lè parí rẹ̀.

Ó dìde, ó ń rìn yí tábìlì ká. Ìkòkò òdòdó kan wà lẹ́bàá àga tí Alhaja jókòó sí, ewé rẹ̀ kan sì ti ṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún fa áńkáṣíìfù rẹ̀ yọ. Abẹ́ ewé ni ó ti rí wọn: etí písà, apá ìta tó le gan-an, tí ẹnìkan jẹ inú rẹ̀ tán tó sì rọra fi wọ́n pamọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ jáde, kò fi ọ̀kankan sílẹ̀. Ó gbé páálí wá, ó sì tò wọ́n sínú rẹ̀ yípo, bí wọ́n ṣe wà kí wọ́n tó gé wọn.

Ìlàjì òbíríkítí ni wọ́n ṣe. Ìlàjì kejì kò sí.

Bàbá Hámzàt rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti gbé tábìlì róbà. Ẹni méjì ló jẹ písà yìí. Ẹnìkan jẹ tirẹ̀ tòun ti etí rẹ̀, eyín ọmọdé nìyẹn. Ẹnìkejì jẹ ibi tó rọ̀, ó fi ibi tó le sílẹ̀. Lọ́nà Bídà, nígbà tí gbogbo wọn ń jẹ àgbàdo sísun, ta ló gbé tirẹ̀ fún Ameen pé eyín òun kò gbà á?

Ó yíjú sí mọ́tò. Alhaja jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí, ó ń fa tẹ̀sùbáà, ó sì ń fà á kíákíá ju bí ẹni tó ń ka nǹkan kan ṣe ń fà á lọ.

Ṣùgbọ́n Alhaja lọ kírun. Àbí kò lọ? Bàbá Hámzàt rántí Sulejà. Táyà wọn fọ́ níwájú ilé epo kan níbẹ̀. Bí òun àti Ameen ṣe ń bá nọ́ọ̀tì jà, tí gírísì bo ọwọ́ wọn, Alhaja tẹ́ ẹní rẹ̀, ó kí Àyìlà, ó sì yíjú sí òun. "Ọkọ mi, ṣé mo lè pa Àláàsárì pọ̀ mọ́ ọn?" Òun fúnra òun ló dá a lóhùn lábẹ́ mọ́tò pé kò burú, arìnrìn-àjò lè pa méjèèjì pọ̀. Ó sì pa wọ́n pọ̀. Àwọn ọkùnrin ni kò kí tiwọn títí wọ́n fi dé Kaduna. Ìrun wo wá ni Alhaja lọ kí lẹ́yìn ògiri?

Ó lọ ṣí búùtù. Ẹní ìkírun Alhaja wà níbẹ̀ ní kíká, iṣu tí wọ́n ń gbé lọ fún bàbá Raodah sì wà lórí rẹ̀.

Ó lọ jókòó tì í nínú mọ́tò.

"Alhaja."

"Ọkọ mi."

"Eyín yín ńkọ́?"

Tẹ̀sùbáà dúró. "Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀."

"Etí písà le, àbí?"

Alhaja kó tẹ̀sùbáà jọ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó mí kanlẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ìkòkò òdòdó."

"Ọkọ mi, ebi ń pa mí," ni Alhaja wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Mo ti fẹnu ara mi sọ pé kì í ṣe oúnjẹ, báwo ni mo ṣe tún máa nawọ́? Mo ní kí n lọ sinmi lẹ́yìn ògiri, òórùn ẹran yẹn tẹ̀ lé mi débẹ̀. Mo ní kí n wá mú ẹyọ kan péré kí ẹ tó parí. Bí mo ṣe wọlé, ọmọ náà ti kó tirẹ̀ sẹ́nu. Kò lè gbé e mì, kò lè tu ú. Ó ń wò mí, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Látàárọ̀ ni kò ti jẹun, ó ní ẹ̀rù wa ń ba òun."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo ní kó sún fún mi."

Bàbá Hámzàt fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú Alhaja kò gba ẹ̀rín.

"Nígbà tí wọ́n mú mi wá sí agbo ilé yín," ló tún wí, "ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé mo ti yó. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kú. Lọ́jọ́ tí mo ki ọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀, ìyá yín ló bá mi níbẹ̀. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n sọ mí."

Ó mọ̀ ọ́n. Ọlọ́wọ́-nínú-ọbẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà ìyàwó ilé kan ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín, Alhaja náà á sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí," ni Alhaja wí. "Mi ò ní í jẹ́ kí wọ́n sọ ọmọ yìí ní orúkọ kankan."

"Levi ńkọ́?"

Alhaja wolẹ̀. "Mo fẹ́ sọ fún Alhaji pé ó dà nù lọ́nà ni. Mi ò mọ̀ pé Ameen máa ṣí i níbí. Mi ò ro ti ọmọ yẹn rárá, Ọlọ́run sì máa bi mí."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Madam Beauty fi yọ. Levi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti bọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ameen náà sún mọ́ wọn, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Raodah dúró lókèèrè, òsúkè ṣì ń gbé e.

"Bàbá, mo ti ní sùúrù tó," ni Madam Beauty wí. "Ta ló jẹ ẹ́?"

Bàbá Hámzàt jáde nínú mọ́tò, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Bí ó bá dárúkọ ọmọbìnrin yẹn, ó ti ba tirẹ̀ jẹ́. Bí ó bá dákẹ́, Levi ń lọ sílé lọ bá aboyún láìníṣẹ́. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló ti fi ń tọ́ka sí olè, kò sì tíì ṣòro fún un báyìí rí.

"Èmi ni," ló wí.

Ameen ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe imáàmù wa ni?"

"Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìrun ni mo yà jẹ ẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jáde, páálí wà ní pípa dé nígbà yẹn, Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á dé ni. Ẹ wà níwájú mi látòkèdélẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ sálámà, ẹ tún ṣe àdúrà títí orúnkún fi ń ro mí. Àwọn oníbàárà tó wà lẹ́yìn mi gan-an ti ń kùn."

Nínú gbogbo ẹjọ́ tí Bàbá Hámzàt ti wádìí, kò tíì rí ẹni tí àwọn ẹlẹ́rìí pọ̀ fún tó òun.

"Bàbá fẹ́ gba ọmọ yìí sílẹ̀ ni," ni Madam Beauty wí. "Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ ní àánú. Levi, máa lọ sílé."

Levi tẹríba fún Bàbá Hámzàt, ó ní, "Na gode, Baba." Ó yíjú sí ọ̀nà.

"Levi, dúró níbẹ̀," ni Alhaja wí. Ó ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. "Madam, ẹ fún ọmọ yẹn ní aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Èmi ni mo jẹ písà náà."

Ẹnu Ameen là. "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní búrẹ́dì tó ń fà bí ilá ni?"

"Irọ́ ni mo pa. Ó dùn."

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá." Raodah ti sáré dé, ó kúnlẹ̀ sáàárín eruku. "Màmá ń bò mí láṣìírí ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ebi ń pa mí. Levi, don Allah, ka yi hakuri, má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí tí n kò fi sọ̀rọ̀." Òsúkè kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

Madam Beauty wo ìyá ọkọ, ó wo ìyàwó, ó sì wo Levi. Ó gba àpò léjìká rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló so épúrọ́ọ̀nù náà mọ́ ọn nídìí. "Má bínú sí mi," ló wí. "Mo yára."

"Ba komai, Madam, kò sí wàhálà," ni Levi wí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì béèrè bóyá kí òun lọ po ìyẹ̀fun òmíràn.

Ìgbà náà ni fóònù dún. Orúkọ Alhaji ló wà lójú rẹ̀. Ameen na fóònù náà sí Bàbá Hámzàt, Bàbá Hámzàt fa ọwọ́ sẹ́yìn. Alhaja ló gbà á, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Oúnjẹ mi dà?" ni ohùn Alhaji wí.

Bàbá Hámzàt ń mi orí sí Alhaja. Ó ń fi ọwọ́ ṣàpẹẹrẹ pé kó sọ pé ó dà nù, kó sọ pé ajá gbé e, kó sọ ohunkóhun. Alhaja kò wò ó. Raodah tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ ló ń wò.

"Alhaji, ẹ má bínú," ló wí. "Oúnjẹ yín ti tán. Èmi àti ìyàwó wa la jọ jẹ ẹ́."

Kò sí ohùn kankan. Bàbá Hámzàt, tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìdákẹ́jẹ́ ọ̀daràn, kò lè ka ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ jọ jẹ ẹ́?" ni Alhaji béèrè nígbà tó yá. "Nínú páálí kan náà?"

"Nínú páálí kan náà. Ebi ń pa á, ebi ń pa èmi náà, ojú sì ń ti wá."

Wọ́n gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún lábẹ́ Alhaji, bí ẹni tó fẹ́ dìde jókòó tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà fún un.

"Rodiyah," ló wí. Kò sí ẹni tó ti gbọ́ kó pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ báyẹn níwájú èèyàn rí. "Nígbà tí ìyá mi ká ọ mọ́ ìdí ọbẹ̀, mo wà lójúde. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó yẹ kí n wọlé wá bá ọ jẹ ẹ́."

Alhaja fi etí ìborùn bo ojú.

"Ẹ ní kí wọ́n yan òmíràn, kí wọ́n jẹ́ kó tóbi," ni Alhaji wí. "Kí ìyàwó wa gbé e wá fúnra rẹ̀. Níwájú mi ló ti máa jẹun."

Raodah dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó sì tẹ̀ lé Levi lọ sídìí ààrò.